Àlàájì Onísìmẹ́ǹtì Ti Di Olórin

Ẹ sún mọ́bí, kí ògiri má baà gbọ́ tán. Àlàájì Onísìmẹ́ǹtì tí gbogbo yín mọ̀ yìí, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹnu kan orin nínú balùwẹ̀, àwọn adìyẹ Màmá Lándíléédì máa ń sá wọ abẹ́ mọ́tò, òun náà ti di olórin. Mo ní olórin lórí Spotify! Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà, ó ní péèjì tirẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ kò dá ẹsẹ orin kan ṣoṣo rí láyé rẹ̀. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ka. Ó kan Bọ̀dá Onífújì yàrá kẹta, ó kan àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, ó kan ọmọkùnrin tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ìjelòó, èyí tó ti wà ní Kánádà báyìí. Ẹ fa àpótí, ẹ jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè mí ní olófòófó o. Ọlọ́run ló ní kí ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí pátíò. Ẹni tó ń ta ọṣẹ tí oníbàárà kò dé, kí lẹ fẹ́ kó fi etí ṣe?

Bọ̀dá Onífújì kì í ṣe ẹni àná nídìí eré. Láti Ìdí-Òrò títí dé Ìdí-Àràbà, nínú Mushin wa níbí, kò sí ìsọmọlórúkọ tó lórúkọ tí wọn kì í pè é sí. Mo ti rí i tí wọ́n náwó fún un títí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi àpò ìrẹsì kó owó nílẹ̀. Bí owó náà ṣe máa ń dínkù kó tó délé, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Fóònù nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà kan, máákẹ́tà Alábà ni olórin ń lọ bá. Máákẹ́tà á kó owó kan lé e lọ́wọ́, á tẹ CD, á lẹ pósítà mọ́ ògiri ilé onílé, ó parí. Bó tà púpọ̀, bó tà díẹ̀, ẹnu máákẹ́tà nìkan ni olórin ti máa gbọ́ ọ. Ta ló tún ń ra CD lónìí? Inú fóònù ni orin kó lọ. Boomplay tó dé ní 2015 ti máa ń wà nínú Tecno kí ènìyàn tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á. Audiomack tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 2012 ti ṣí ọ́fíìsì sí Èkó níbí láti 2020. Spotify, ti àwọn ará Sweden, tó ti wà láti 2006, dé Nàìjíríà ní 2021. Bọ̀dá gbọ́ gbogbo èyí, ó ní òun náà ò ní gbẹ́yìn. Ó gba bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ, ó fún ọmọkùnrin ibẹ̀ lówó, ó ní, “Bá mi gbé orin mi síbi tí wọ́n ń gbé e sí.” Ọmọkùnrin náà ní ó ti débẹ̀. Bọ̀dá dúpẹ́, ó padà sílé, ó gbàgbé.

Ó gbàgbé títí tí àlejò kan fi dé láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlejò náà ń múra ìrántí ìyá rẹ̀, wọ́n sì júwe Bọ̀dá fún un. Ó yọ fóònù. “Bọ̀dá, kí lẹ ń jẹ́ lórí Spotify, kí n fi yín han àwọn àbúrò mi?”

Bọ̀dá gbé àyà sókè. “Àyìndé ni kó o tẹ̀.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Háà! Àyìndé tó jáde, kò lóǹkà. Wọ́n ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé gìtá sórí itan, tó di ojú méjèèjì nínú àwòrán. Wọ́n tẹ orin tó wà nísàlẹ̀ gbogbo orin rẹ̀, ni ohùn Bọ̀dá wa bá bẹ́ jáde, tòun ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀! Àlejò wo fóònù, ó wo Bọ̀dá. Ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ta gìtá ni?” Èmi sá wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ rẹ́rìn-ín, torí àgbà ni Bọ̀dá, kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ, èyí tó ń kàwé ní Yabatech, ló là wá lóye nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ilé ló pé lé e lórí. Onígángan Bọ̀dá náà wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ àfi bí ìlù bá wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń tún ọsán ìlù rẹ̀ ṣe.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ní, “Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Orúkọ mélòó lẹ ń jẹ́?”

“Èwo ni mélòó? Èmi Àyìndé!”

“Lórí CD yín àkọ́kọ́, Àyìndé Ọba Orin lẹ kọ. Lórí èkejì, Sir Àyìndé. Lára mọ́tò yín, Àyìndé Number One of Africa. Èyí tí wọ́n wá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Àyìndé lásán ni. Bọ̀dá, ẹ̀rọ yìí kò mọ ojú yín, lẹ́tà ló ń kà. Bí lẹ́tà bá yàtọ̀, á ní ẹlòmíràn ni, á ṣí péèjì tuntun. Bí lẹ́tà bá sì bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, ó lè kó orin yín dà sọ́dọ̀ olúwa rẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀, n ó padà. Ẹ wo bí Àyìndé ṣe pọ̀ nínú orin wa. Sikiru Ayinde Barrister, ẹni tó ti ṣe sójà rí, tí fújì fi di ohun tí gbogbo ayé ń jó, tó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Disẹ́ḿbà 2010, Àyìndé ni. Wasiu tó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀, Àyìndé ni, Barrister náà ló sì kọ́kọ́ ń fi kún orúkọ rẹ̀ kó tó wá di Marshal. Ẹ yí ojú sápá kejì, Kollington, Àyìnlá ni. Omowura alápàlà tó kú ní 1980, Àyìnlá ni. Àwa tí a gbọ́ wọn kò lè ṣì wọ́n mú. Bí Kollington bá húkọ́, a ti mọ̀ pé òun ni. Ẹ̀rọ ò mọ ikọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo àwọn ọmọ ìwòyí. Ahmed Ololade mú orúkọ ìyá rẹ̀, Asake, ó kọ ọ́ bákan náà lórí gbogbo orin, ó tán. Aṣa fi àmì sábẹ́ lẹ́tà orúkọ rẹ̀. Kí ènìyàn fi àmì sí i, kí ó má fi sí i, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹjọ́ ni kó fi sí i lónìí, kó yọ ọ́ lọ́la.

Bọ̀dá ní, “Gbogbo owó tí orin mi ti pa wá nkọ́? Ṣé onígìtá yẹn ló ń ná an?”

Ọmọ náà ní rárá. Ó ní owó kì í wo péèjì. Ọwọ́ alágbàtà tó gbé orin sókè ló máa ń gbà kọjá, àkáǹtì tí wọ́n fi gbé e náà ló ń lọ. Ohun tí onígìtá gbà lọ́wọ́ Bọ̀dá ni àwọn olólùfẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ fújì níbẹ̀ tó sì ní kí wọ́n máa ta òun lólobó bí orin tuntun bá jáde, gìtá ni wọn yóò gbé wá fún un. Ti àwọn ará gìtá ló ṣe mí láàánú jù. Ẹni tó tan fóònù kó lè fi gìtá sùn, tí gángan wá jí i lóru!

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ènìyàn á kọ̀wé sí alágbàtà pé orin òun ṣìlé, wọn á gbé e kúrò níbẹ̀. Bó bá sì tún fẹ́ gbé òmíràn jáde, á fi líǹkì péèjì tirẹ̀ gan-an ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà máa méfò. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀ rárá, kí ó mú orúkọ kan, kí ó sì ti wá a lórí Spotify, Apple Music, Audiomack, Boomplay àti YouTube, kó rí i pé ẹlòmíràn kò tíì máa jẹ́ ẹ. Gbogbo ilé ló dá orúkọ fún Bọ̀dá lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá Lándíléédì dá ọ̀kan tó gùn tó ojú irin. Èyí tí Bọ̀dá mú níkẹyìn, n kò ní sọ ọ́ níbí. Ẹ̀yin náà lẹ́nu, ẹnìkan lè gbà á kó tó fi ọwọ́ ba ìwé.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ti alágbàtà, kó má di pé mo fo ibi tó yẹ. Spotify kì í gba orin lọ́wọ́ olórin tààrà, Apple Music náà kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbàtà bíi DistroKid, TuneCore àti CD Baby ló ń gbé e lọ. Òmíràn ń gba owó lọ́dọọdún, òmíràn ń gbà lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì máa yọ díẹ̀ nínú ohun tó bá wọlé. Audiomack àti YouTube ní tiwọn gbà kí olórin fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tí orin bá débẹ̀ ni olórin á wá lọ sí Spotify for Artists àti Apple Music for Artists, á ní, “Èmi ni mo ni péèjì yìí o,” wọn á wádìí rẹ̀, wọn á sì fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà náà ló tó lè yí àwòrán padà, tó lè kọ ìtàn ara rẹ̀, tó lè mọ ìlú tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. YouTube ní tirẹ̀ á kó gbogbo fídíò olórin jọ sójú kan, á fi àmì nóòtì orin sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ó ti dé ibi tí mo ń lọ. Àwòrán!

Ẹ rántí páálí CD Bọ̀dá. Òun wà láàárín, àwọn olówó méje yí i ká, Camry kan wà lẹ́yìn wọn tí kì í ṣe tirẹ̀. Nọ́ńbà fóònù méjì wà lókè, ti máníjà wà nísàlẹ̀, wọ́n wá fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé kí wọ́n pè é fún ìnáwó gbogbo. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ wò ó, ó mí kanlẹ̀. “Wọn ò ní gba èyí, Bọ̀dá. Àwòrán orin ní láti dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 3000 sí 3000 píksẹ́ẹ̀lì. Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ Instagram, iye owó, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀.”

“Kò gbọ́dọ̀ hàn kẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe máa pè mí sóde?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn, èmi náà ń dúró de ìdáhùn. Ọmọ náà ní kó fi líǹkì Instagram rẹ̀ sára péèjì, kó kọ nọ́ńbà sí Instagram àti sábẹ́ fídíò YouTube rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é á débẹ̀. Bọ̀dá kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ìjà tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin tó wà nílé gbọ́ ariwo rẹ̀; ẹ ò mọ ìdí rẹ̀ ni. Spotify ń béèrè àwòrán méjì fún péèjì. Ọ̀kan fẹ̀, 2660 sí 1140, òun ló máa ń tẹ́ sókè. Èkejì, kó má kéré sí 750 sí 750, ẹ̀rọ á sì gé e róbótó. Bọ̀dá mú àwòrán Iléyá tó kọjá, tí òun àti Ìyàwó Kékeré jọ wọ àǹkárá kan náà. Ìyálé jáde láti ìdí ààrò tòun ti ṣíbí ọbẹ̀. “Àwọn ará Peckham máa rò pé ẹni yẹn nìkan lo fẹ́, àbí?” Bọ̀dá ní ó tó, kí àwọn méjèèjì wá, ó jókòó sáàárín wọn, wọ́n ya òmíràn. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé e síbẹ̀. Ẹ̀rọ gé Ìyálé kúrò lápá ọ̀tún, ó gé Ìyàwó Kékeré kúrò lápá òsì, ó wá gé orí fìlà Bọ̀dá mọ́ ọn. Ilé dákẹ́. Láti ìgbà tí Bọ̀dá ti ń bẹ Ìyálé àti Ìyàwó, n kò tíì rí onílàjà tó ṣe dọ́gbadọ́gba bẹ́ẹ̀ yẹn rí. Ẹni tó bá fẹ́ yà á, kí ó gbé ojú sáàárín, kí ó fi àyè sílẹ̀ yí orí ká, kí ó sì fi ìdílé sí fírémù ní pálọ̀.

Ìtàn ara ẹni náà ní ìwọ̀n. Lẹ́tà 1,500 ni Spotify gbà. Èyí tí Bọ̀dá kọ, oríkì baba rẹ̀ nìkan ti jẹ ìdajì, orúkọ àwọn tó ti náwó fún un jẹ ìyókù. Ọmọ náà bi í pé, “Ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tó wà ní Brazil, kí ló máa bá níbẹ̀?” Bọ̀dá ní á bá a pé òun gbayì. Wọ́n fà á títí wọ́n fi fi ibi tó ti wá, irú fújì tó ń ṣe, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti orin tuntun tó wà nílẹ̀ sí i. Oríkì kúrò. Bọ̀dá ní kí wọ́n má jẹ́ kí ìyá òun gbọ́.

Àlàájì Onísìmẹ́ǹtì dà? N kò gbàgbé rẹ̀ o.

Ẹ mọ̀ pé bí onífújì ò bá kí olówó, ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nìyẹn. Àlàájì ló san owó sítúdíò orin Bọ̀dá. Bọ̀dá wá sọ fún ọmọkùnrin bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà pé kó fi orúkọ Àlàájì hàn níbi tí gbogbo ayé ti máa rí i. Ọmọkùnrin náà kọ orúkọ Àlàájì sí àyè tí wọ́n ń kọ orúkọ olórin tó bá ni kọrin sí. Orúkọ tí wọ́n bá sì kọ síbẹ̀, olórin ni ẹ̀rọ kà á sí, á ṣí péèjì fún un. Bí Àlàájì ṣe gorí ìtẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lóṣù kò ju ẹ̀dá mẹ́rin lọ, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú wọn.

Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló fi hàn án. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì dé ilé wa tòun ti jígí dúdú lójú, nírọ̀lẹ́. “Àwọn ará ọjà ní àwọn rí mi lórí Spotify. Mo dúpẹ́. Owó tèmi dà?”

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Orúkọ nìkan kì í mú owó wá. Àfi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ṣètò ìpín lọ́dọ̀ alágbàtà.” Bọ̀dá yára sọ pé òun máa ní kí wọ́n yọ orúkọ náà kúrò, pé inú orin ló yẹ kí òun ti kí Àlàájì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àlàájì. “Ta ló ní kí o yọ ọ́? Fi í sílẹ̀!” Ó ti lọ ya fọ́tò báyìí, pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́. Ó ń bẹ ọmọ náà pé kó bá òun gba péèjì yẹn sọ́wọ́. Sìmẹ́ǹtì ti di iṣẹ́ kejì.

Èyí tó dun Bọ̀dá wọ egungun ni ti gígùn orin. Apá kìíní rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 38, gẹ́gẹ́ bí fújì ṣe máa ń rí láti ìgbà àwo ńlá olójú méjì. Ọmọ náà ní bí ènìyàn bá ti gbọ́ orin dé ìṣẹ́jú-àáyá 30, Spotify ti kà á sí ẹyọ kan. Bó gbọ́ ìṣẹ́jú 38 tán, ẹyọ kan náà ni. Bọ̀dá dákẹ́ lọ gbári. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ orin rẹ̀, ó ṣì ń gé ọ̀fun ni, kò tíì kí Ọlọ́run tán.

“Ṣé kí n gé fújì ni? Fújì kì í já!”

“Ẹ má gé e nídìí ìlù, Bọ̀dá. Ibi tí ìlù bá ti yí ni kí ẹ ti pín in, kí apá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀lé ara wọn láìdákẹ́. Kí odidi rẹ̀ wà lórí YouTube fún àwọn tó fẹ́ jó títí ilẹ̀ á fi mọ́.” Ó tún kì í nílọ̀ pé kí ó má gé e wẹ́wẹ́ jù. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, Spotify kì í san owó lórí rẹ̀. Bó bá gé e sọ́nà ogún, ogún ni yóò máa wá ẹgbẹ̀rún tirẹ̀ kiri.

Níbi tí a dé yìí ni ọmọkùnrin kan láti òpópónà kejì ti yọjú, pé òun lè fi owó díẹ̀ sọ ọ́ di 100,000 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ojú Bọ̀dá tàn. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ní ẹ̀rọ ló ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Spotify máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, ó tún máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ alágbàtà, alágbàtà náà á sì yí ìbínú sí olórin, ó lè kó orin rẹ̀ kúrò pátápátá. Màmá Lándíléédì bi ọmọkùnrin náà pé, “Àwọn 100,000 yìí, ṣé wọ́n máa wá sóde?” Kò dúró dáhùn.

Bọ̀dá tún ní kí orin tuntun jáde lọ́jọ́ Ẹtì, torí pé Sátidé ni òde Àlàájì. Ọjọ́ Ọjọ́rú ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà ní bí ó bá fẹ́ kí àwọn tó ń to àkójọ orin ní Spotify gbọ́ ọ, ó gbọ́dọ̀ ti fi ránṣẹ́ sí wọn kó tó jáde, ó kéré tán ọjọ́ 7, kí orin náà sì lè dé etí àwọn tó ń tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ tó bá jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló dára kí orin ti wà lọ́wọ́ alágbàtà. Orin Iléyá ní tirẹ̀, kí ó ti wà nílẹ̀ kí àgbò tó wọ́n.

Ó wá ku kí Bọ̀dá gba péèjì rẹ̀ sọ́wọ́. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ béèrè pé, “Ímeèlì wo ni wọ́n fi ṣí i lọ́dọ̀ alágbàtà?”

Bọ̀dá ní, “Ti ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.”

“Nọ́ńbà fóònù nkọ́?”

“Tirẹ̀ náà ni.”

“Àkáǹtì báǹkì?”

Bọ̀dá wo ilẹ̀.

Màmá Lándíléédì dìde. Ẹ mọ̀ pé obìnrin yẹn ti bá ọmọ onílẹ̀ jà dé kóòtù. Ó ní, “Ìwọ Àyìndé, o kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ wà lórúkọ ẹlòmíràn. Ímeèlì yẹn ni C of O rẹ! Àwọn baba yín nínú orin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí Haruna Ishola àti I. K. Dairo fi dá ilé-iṣẹ́ àwo orin STAR sílẹ̀ ní 1969? Kí ló dé tí Sunny Ade fi dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀? Wọn ò fẹ́ kí ìwé ilé wọn wà lápò ẹlòmíràn ni. Ìwọ gbé tìẹ fún ọmọ tó ń ṣe fọ́tókọ́pì!”

Wọ́n pe Kánádà. Ọmọkùnrin náà ní òun ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù. Wọ́n tún pè, kò gbé e. Ìyálé ló wá rántí pé ìyá ọmọkùnrin náà ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ojúwòyè. Ó lọ bá a níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó tì í, kò sì dìde. Kí oòrùn tó wọ̀, Kánádà ti rántí gbogbo rẹ̀. Páswọ́ọ̀dù náà, ẹ má bi mí léèrè. Ẹ dẹ̀ bi mí? Orúkọ ọmọbìnrin kan ní ilé kejì ni, nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó tó kó lọ sí Kánádà. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe fọ́tókọ́pì nìkan ló ń gbé ọmọ yẹn lọ sílé náà.

Bí wọ́n ṣe wọlé síbẹ̀, wọ́n yí ímeèlì sí ti Bọ̀dá, wọ́n yí àkáǹtì sí tirẹ̀. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣàdàkọ nọ́ńbà ISRC orin kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni, orin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó ní bí Bọ̀dá bá fi alágbàtà kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn, nọ́ńbà yẹn gan-an ni kó tún lò, kí iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orin má baà padà sí òdo. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí sí àyè ẹni tó dá orin, kí wọ́n má kọ Number One of Africa síbẹ̀. Owó ẹni tó dá orin yàtọ̀ sí owó tí alágbàtà ń gbà wá. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn tó dá orin, bíi MCSN níbí, ni wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìyẹn. Kí wọ́n sì kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ kí owó tó dé, nítorí bó bá dé tán, kò sẹ́ni tó máa rántí ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ibẹ̀ ni onígángan ti gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bi ọmọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ẹni tó ń lùlù nìkan, ṣé òun náà lè ní péèjì?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí kò ní lè ní?” Onígángan mi orí, ó padà sídìí ọsán rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ẹ má jẹ́ ó gbọ́ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ èyí o. Onígángan yẹn ti lọ ṣí ímeèlì ní orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀ àti àkáǹtì ara rẹ̀. Ó mú orúkọ ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ rí. Ó lọ sítúdíò pẹ̀lú gángan nìkan, ó lu nǹkan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta lọ, láìgé ọ̀fun, láìkí Àlàájì kankan. Ó ti wà lórí Audiomack, ó wà lórí Spotify, àwòrán rẹ̀ wà láàárín róbótó, fìlà rẹ̀ pé. Àlejò Peckham ti rí i. Wọ́n ní òun ló máa kọ́kọ́ gbéra lọ Lọ́ńdọ̀nù láti lọ lùlù níbi ìrántí yẹn, Bọ̀dá á wá tẹ̀lé e bí físà bá jáde. Orin tuntun tí Bọ̀dá ń múra rẹ̀ lọ́wọ́, gángan ló gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé ẹ rí i pé ní tòótọ́-tòótọ́ báyìí, orúkọ onígángan ló máa wà ní àyè tí wọ́n kọ Àlàájì sí?

Bọ̀dá ò tíì gbọ́. Ẹ má sọ fún un o, ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi. Ìyàwó Kékeré nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún.